Ikán Balùwẹ̀ Màmá

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Màmá sọ pé òun máa lò nílé ọmọ òun lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Oṣù kẹsàn-án rèé. Ojú ti là kedere. Ó ń rí abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ó sì ń rí eruku orí àga kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ni àga tó rí i.

Kì í ṣe pé ìyàwó kórìíra ìyá ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà. Iyọ̀ ti kúrò níbi tó ń gbé e sí, ó ti bọ́ sẹ́yìn agolo mílíìkì. Aṣọ tó bá sá sórí okùn, Màmá á tún un sá. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ, bí ẹni tó wá kí wọn nínú ilé ara rẹ̀.

Ọkọ ò fura rárá. Ó ti fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ pé ìyá àwọn ò ní dá gbé mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá sọ nídìí oúnjẹ pé kò sí ẹni tó ń ṣí fèrèsé ilé òun látìgbà tí òun ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ gbàgbé fèrèsé. Ibí yìí lẹ máa wà."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Màmá wí, ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Ìyàwó ò lè la ẹnu sọ ọ́. Ìyá ọkọ tó bá di ẹrù rẹ̀ tó lọ, ohun yòówù kó fà á, ìyàwó ló lé e. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí. Ìdí nìyí tó fi lọ bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ wá wo balùwẹ̀ Màmá lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ọkọ mi bá wà nílé," ló wí. "Kí ẹ kan ògiri díẹ̀, kí ẹ wá sọ pé ikán ti wọ férémù ilẹ̀kùn, pé ẹ máa ní láti tú gbogbo ẹ̀."

Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí ikán níbẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti wọbẹ̀ gbẹ̀yìn. Màmá ló ń fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

"Ẹ fẹ́ kí n parọ́ mọ́ ikán nìyẹn."

"Ikán ò ní pè yín lẹ́jọ́."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbà, torí ìyá ìyàwó tòun náà wà nílé.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ń wẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n dúró dè é. Gbogbo ilé ló ti mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ ní balùwẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó jáde, ó kí káfíńtà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àtọmọ, ó sì yà fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Káfíńtà kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, ó fajú ro bí òun àti ìyàwó ṣe jọ sọ ọ́. Ó ti ọ̀bẹ bọ férémù ilẹ̀kùn. Ọ̀bẹ náà wọlé dé èèkù, bíi ká fi gún búrẹ́dì. Nígbà tó fà á yọ, erùpẹ̀ tútù tẹ̀lé e, ikán sì ń já bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Ó yíjú wo ìyàwó. Ẹnu ìyàwó ò lè pa dé.

Ó ṣí táìlì méjì nísàlẹ̀ ògiri. Ẹ̀yìn wọn ti dúdú, ó sì ń rùn.

"Ikán wà níbí lóòótọ́," ni káfíńtà wí, ó sì tún un sọ, bí ẹni pé òun gan-an ni kò gba ara rẹ̀ gbọ́. "Páìpù ò jò. Òrùlé ò jò. Ibi tí omi ti ń dé ẹsẹ̀ ògiri yìí ò yé mi."

"Ilé náà ti ń darúgbó ni," ni Màmá wí, "bí àwa náà ṣe ń darúgbó."

Ọkọ béèrè iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa gbà. Káfíńtà ní ọ̀sẹ̀ kan.

"Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀?" ni Màmá wí. "Ẹ má fi ìkánjú lé ikán o. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dénú."

Káfíńtà rò ó, ó ní ó lè tó oṣù méjì nígbà náà. Màmá mi orí pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọkọ ní kí àwọn ọmọ kó jáde ní yàrá wọn fún ìyá àgbà. Màmá ò gbà. Ó ní dókítà ti kìlọ̀ pé òórùn oògùn kòkòrò ò gbọdọ̀ dé ibi ojú òun.

"Ẹ má lọ, Màmá," ni ìyàwó wí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé Màmá lè gbà.

Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹrù Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní dídì. Ó nu ojú nù, ó gbàdúrà fún ìyàwó. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ létí gbogbo ilé pé kò sẹ́ni tó tọ́jú òun tó ìyàwó yìí, kó pe àwọn àbúrò rẹ̀ kó sọ fún wọn pé ikán ló lé òun, kì í ṣe èèyàn. Omi bọ́ lójú ìyàwó. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbé Màmá lọ tán, ó jókòó nílé ìdáná, ojú ń tì í pé òun gbìmọ̀ lé irú ìyá bẹ́ẹ̀ jáde, kó tó dìde lọ gbé iyọ̀ padà sí ààyè rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aládùúgbò Màmá bá a níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó béèrè ohun tó dá a dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Màmá sì dá a lóhùn pé, "Ògiri ọmọ mi ló le, odidi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀ láràárọ̀ kí ikán tó wá gbà mí sílẹ̀."