Bàbá Tó Ń Kọ Òdo Sínú Ìwé Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Ilé tó tẹ̀lé tiwa ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti rẹ èmi náà láti máa rò ó.

1.
Káfíńtà kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní pálọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún méje, Arẹwà ni wọ́n ń pè é. Arẹwà ò lè sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ nǹkan, á figbe ta, á máa forí gbá ògiri, á gé ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ.

Ilé ìwé kan ní àwọn á gbà á tí ìwà yìí bá dín kù láàárín oṣù mẹ́ta. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ ń tọrọ nìyẹn: wákàtí mẹ́rin péré lóòjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní gé òun jẹ.

2.
Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́ àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sílé wọn. Ó mú káàdì tí wọ́n ya fóònù sí wá, torí fóònù ni Arẹwà fẹ́ràn jù.

"Tó bá fọwọ́ kan káàdì, ẹ gbé fóònù fún un kíá. Tó bá ń ké, ẹ má gbé e fún un, ẹ kàn ṣọ́ ọ kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ọ̀nà kan náà lẹ̀yin méjèèjì á máa gbà o. Kí kálukú sì máa kọ iye ìgbà tó ké sínú ìwé yìí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn balẹ̀. Apá mi ká ilé mi."

3.
Ìyá ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Igbe ogójì ìṣẹ́jú, á jókòó tì í, á fi tìmùtìmù sáàárín orí ọmọ àti ògiri, òógùn á bò ó.

Ṣùgbọ́n tí ìyá bá jáde, tí Arẹwà figbe ta, ojú á ti bàbá níwájú àwọn tó wá gba àga. Á yọ fóònù: "Gbà, jọ̀ọ́, má dójú tì mí." Ilé á pa lọ́lọ́. Bàbá á kọ òdo sínú ìwé. Tí nọ́ọ̀sì bá pè, òun náà ló ń dáhùn pé ara ti ń balẹ̀.

Tí ìyàwó bá dé, bàbá á ní, "Lọ́dọ̀ mi kì í ké. Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ wo ìwà ìkà! Obìnrin náà sì gbà á gbọ́. Arẹwà ní tiẹ̀ ti mọ̀ pé káàdì ò wúlò, pé ẹni tó bá ké pẹ́ ló ń rí fóònù gbà. Igbe ogójì ìṣẹ́jú di wákàtí kan àbọ̀.

4.
Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé. Arẹwà ké títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé apá ara rẹ̀ jẹ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ yọ apá náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sẹ́nu ọmọ, eyín dé iṣan. Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà, àmọ́ àtàǹpàkò ò ká mọ́. Aránṣọ tí kò lè di àlùmọ́gàjí mú, kí ló kù?

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, nọ́ọ̀sì wá, ó ṣí ìwé. "Ojú ìwé ti Màmá kún fún igbe. Ti Bàbá, òdo ni gbogbo ẹ̀. Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe fún un?"

Bàbá wolẹ̀. "Mò ń gbé fóònù fún un ni."

"Látìgbà wo?"

"Látọjọ́ kìíní."

Àwa aládùúgbò tí a wà níbẹ̀ rò pé ìyàwó máa pariwo. "Mi ò bínú," ló sọ. "Ó rẹ̀ mí ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi rò pé èmi ni mi ò mọ ọmọ tọ́."

Ìwà Arẹwà ò dín kù, ilé ìwé sì ti fi ọmọ ẹlòmíràn sí ààyè rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ohun tí ẹ jọ fòfin dè ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ẹnì kejì yín. Tó bá ti sú yín, ẹ sọ pé ó sú yín, nọ́ọ̀sì ò ní nà yín. Ẹ kọ iye igbe tí ẹ gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.