Kìíṣèmi àti Ọkọ̀ Tí Kò Lè Gun Òkè Mọ́

Káfíńtà kan wà tó jẹ́ pé àléébù kan péré ló ní, àmọ́ àléébù náà tóbi ju ilé tó ń gbé lọ: kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó gbà pé òun lòun bà á jẹ́. Bí ilẹ̀kùn tó kàn bá wọ́, igi ni kò dáa. Bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fọ́, ẹni tó gbé àwo síbẹ̀ ló jẹ̀bi. "Kì í ṣe èmi" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan rárá. Ìdí nìyẹn táwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Kìíṣèmi, tí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sì di ohun ìgbàgbé.

Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́ o. Nígbà kan, iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé òrùlé. Ó fẹ́yàwó, ó gba òṣìṣẹ́, ó ra ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì kan tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára. Bó bá di pákó kún inú rẹ̀, fìrì ló máa ń gun òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò wọn. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀bi tí wọn ò mọ̀dí ni wọ́n ń rù ju pákó lọ. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ náà palẹ̀ ẹrù òun àti ọmọ wọn mọ́.

"Bàbá ọmọ mi," obìnrin náà wí lẹ́nu ọ̀nà, "gbogbo ohun tó bàjẹ́ nínú ilé yìí, èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ká wá wo ẹni tí yóò máa bà á jẹ́."

Ẹnì kan ló ṣẹ́kù fún un, mẹkáníìkì kan tí wọ́n jọ dàgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin yìí máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, wọn a ta dráàfù, wọn a fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Òun ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe, òun náà ló sì fi tọ́bò tuntun sí i nígbà tí ti àtijọ́ gbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kìíṣèmi rí i pé irin tó de ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú tọ́bò lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti dẹ̀. Dípò kó ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú pílásì, ó fún irin náà tagbáratagbára. Rọ́bà bá ya lábẹ́. Ó wò yí ká, kò sẹ́ni tó rí i. Ó fi gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ pákó lẹ̀ ẹ́, ó fi àkísà wé e, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ò lágbára mọ́. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, èèyàn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Àmọ́ bó bá dé ẹsẹ̀ òkè, tí wọ́n tẹ iná mọ́lẹ̀, a máa súfèé, a máa tu èéfín dúdú, a sì máa wọ́ nílẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan ti fọwọ́ kan inú ẹ́ńjìnnì yìí?" mẹkáníìkì béèrè.

"Ta ni ì bá fọwọ́ kàn án? Kì í ṣe èmi o."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á gbọ́. Torí náà, ibi tí àrùn ò sí ló ń wá a sí. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó yẹ ibi tí èéfín ń gbà jáde wò. Pàbó ni. Bí wọ́n ṣe ń wá a lọ, ẹ̀rù túbọ̀ ń ba Kìíṣèmi pé ọ̀rọ̀ náà máa tó kan òun. Ló bá wakọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó pariwo lójú àwọn oníbàárà:

"Tọ́bò gbàrọgùdù lo fi sínú ọkọ̀ mi! Ìwọ lo bà á jẹ́!"

"Èmi kẹ̀?"

Àwọn oníbàárà wo ara wọn lójú. Ẹnì kan tó fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì ò jà. Ó tú tọ́bò náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sóhun tó ṣe é. Ó dá a padà, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn rọ́bà, ó sì ń da omi ọṣẹ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tó wà nísàlẹ̀, ọṣẹ hó yọ lábẹ́ àkísà. Ó tú àkísà náà, òórùn gọ́ọ̀mù pákó sì gba imú rẹ̀. Ó bojú wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irú gọ́ọ̀mù kan náà ló gbẹ mọ́ ọn léèékánná.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ bá ọ jà. Sọ fún mi. Ta ló lẹ rọ́bà yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun Kìíṣèmi, ó gbé e mì.

"Kì í ṣe èmi."

Mẹkáníìkì mirí. Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó nu ọwọ́, ó na kọ́kọ́rọ́ sí Kìíṣèmi. "Ọkọ̀ ẹ ti dáa," ló sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kìíṣèmi to dráàfù sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò wá. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá mọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ ilé náà wá ń pọ̀ jù fún un. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó wakọ̀ lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn," obìnrin tó ń ta ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sọ. "Wọ́n ní tọ́bò gbàrọgùdù ló ń tà, àwọn oníbàárà bá sá. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Ó pè é lórí fóònù. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Bó ṣe ń darí lọ sílé, ọkọ̀ náà gun òkè bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó tì í tí yóò sọ ọ́ fún. Ibà mú un lọ́dún yẹn. Ó ń béèrè omi láti orí ibùsùn, àfi bó ṣe rántí pé òun nìkan ló wà nínú ilé. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó lọ bu omi fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ kọ́ ọgbọ́n. Kò sẹ́ni tí nǹkan kì í bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì tètè jẹ́wọ́ ló máa ń tètè rí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Ẹ má ṣe fi irọ́ ṣi ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lọ́nà, ẹ má sì di ẹ̀bi yín lé aláìṣẹ̀ lórí. Rọ́bà tó ya ṣeé pààrọ̀. Ọ̀rẹ́ tí a fi irọ́ bà lórúkọ jẹ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta òmíràn.