Obìnrin Tó Ń Sebẹ̀ fún Yaqub

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí Yaqub kò fọwọ́ kan ráìsì díndín àti ṣíkìn tí Azeemah ìyàwó rẹ̀ ń rà bọ̀ wálé.

Azeemah ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà. Kò ráyè dáná.

Yaqub á kàn ní, "Mo ti yó."

Lánàá, Azeemah gbóòórùn irú lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Irú kẹ̀! Ta ló ń sebẹ̀ fọ́kọ òun?

Owú ò jẹ́ kó sùn.

Lónìí, ó tètè ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dúró nítòsí kọ́ọ̀tù Ìgbóṣeré níbi tí Yaqub ti ń ṣe akọ̀wé. Ó tẹ̀ lé e wọ agboolé kan ní Ẹnu Ọ̀wá.

Ohùn obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́. "Rọra rò ó, ọkọ mi."

Ọkọ ta ni?

Ó já wọ ilé ìdáná. "Àṣírí yín tú lónìí!"

Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí àpótí. Yaqub fúnra rẹ̀ ló ń ro ọbẹ̀.

"Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Wọ́n ń kọ́ mi ní ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti òróró rẹ̀ ò pọ̀. Kò tíì dùn tó, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì gbé e wálé."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo rí káàdì ọsibítù nínú báàgì rẹ, Azeemah. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru. Láti oṣù tó kọjá lo ti mọ̀, o ò sọ fún mi."

Azeemah tó wá tú àṣírí ò lè wojú ọkọ rẹ̀ mọ́.