Ìkòkò Doña Altagracia

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Anyelo ọmọ mi ń pè mí láti Amẹ́ríkà.

Bésíbọ́ọ̀lù ló gbé e lọ. Gbogbo àdúgbò wa ní ìlú Consuelo ló sìn ín dé títì.

"Mamá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ṣé o gbá bọ́ọ̀lù lónìí?"

"Mo gbá a kọjá ògiri! Kò tíì balẹ̀ títí di báyìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Òpùrọ́! Tan kámẹ́rà, kí n rí ojú ẹ."

"Ó ṣì bàjẹ́, Mamá."

Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Mò ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀, fóònù wà létí mi.

Lójijì, iná dé. Gbogbo ilé pariwo bí a ṣe máa ń ṣe: "Iná ti déeee!" Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, Doña Altagracia ń lu ìkòkò rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀.

Mò ń gbọ́ ìkòkò náà lókèèrè láti ojú fèrèsé.

Nínú fóònù, ó ń dún gbọnmọgbọnmọ nítòsí.

Ọmọ mi ò sí ní Amẹ́ríkà.

"Mamá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Daṣọ bora o. Òtútù ọ̀hún ò dáa."

Mo bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí abọ́ méjì.

Mi ò ti ilẹ̀kùn.