Ìkúnlẹ̀ Mẹ́ta

Ní ilé oúnjẹ ìjọba, kò sẹ́ni tó ń gba dòdò àti ẹran díndín láì kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì àyà rẹ̀. Oúnjẹ ọlọ́ràá ti ba iṣan tó ń kó ọkàn àwọn ará ìlú níjàánu jẹ́. Ẹ̀rọ abẹ́ awọ àyà, tí bọ́tìnnì yìí ń tàn, ló ń dín eré ọkàn kù báyìí.

Ìyá Abídèmí ti fi oṣù mẹ́jọ jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ níwọ̀nba kí iṣan tirẹ̀ lè sàn. Lónìí, ní ilé ìwòsàn, bí ọkàn rẹ̀ bá sáré, tó sì fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, wọn yóò yọ ẹ̀rọ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wà lára rẹ̀ títí ayé ni.

Nọ́ọ̀sì Mojoyin pa ẹ̀rọ náà. "Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ dìde, lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó kúnlẹ̀.

"Háà, Màmá, ojú ń tì mí! Àgbà ń kúnlẹ̀ fún mi."

"Ta ló ń kí ọ? Ọkàn mi ni mò ń kí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sùn."

Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹta, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Nọ́ńbà tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀ lára ògiri di ogóje. Mojoyin nawọ́ sí bọ́tìnnì.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ọgọ́fà. Ọgọ́rùn-ún. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tó fi di ọgọ́rin.

Ìyá Abídèmí fa ọrùn bùbá rẹ̀ wálẹ̀ dé èjìká. "Mú abẹ wá."