Àpótí Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Òro fún yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Akínrọ́pò, ó mọ iṣẹ́ iná bí ẹní mowó. Ọlọ́run ti fún un ní ọpọlọ. Ìrẹ̀lẹ̀ ni kò tíì bá Ọlọ́run tọrọ. Bó bá ṣe ohun tó dára, ó fẹ́ kó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa yé.

Màmá Ìbídàpọ̀, díákónì obìnrin nínú ìjọ wọn, ní ilé kan tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin dípò adìyẹ. Ẹ̀rọ kan ń yí ẹyin, òmíràn ń fọ́n omi, fáànù ń lé ooru jáde. Akínrọ́pò ló ṣe àpótí tó ń darí gbogbo wọn. Àpótí náà á wọn ooru, á ránṣẹ́ gba ojú wáyà, èyí tí ọ̀rọ̀ bá kàn nínú àwọn ẹ̀rọ náà á sì ṣiṣẹ́. Màmá yọ̀ títí. Ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìyẹ ní bí ẹyin Màmá bá fi lè di òròmọdìyẹ láìsí wàhálà, Akínrọ́pò ni yóò ṣe ti gbogbo àwọn.

Àṣà kan wà láàárín àwọn oníṣẹ́ iná Ìdí-Òro. Ẹni tó bá gbé àpótí sórí wáyà gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára: ohun tó máa ń sọ, ohun tó máa ń gbọ́, àti ohun tó máa ṣe bí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lóhùn. Nígbà tí Ọláòtán, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe fáànù, wo ara àpótí yìí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Akínrọ́pò, ṣé ọ̀dà ti tán lọ́jà ni?"

"Kò tán. Ṣé kí n kọ ọ́, kí ìwọ wá gbé tìrẹ lé e? Ẹni tó bá fẹ́ bá àpótí mi sọ̀rọ̀, kó gba ọ̀dọ̀ mi."

Ọláòtán rẹ́rìn-ín. "Ó dáa o, ọba Bábélì."

Akínrọ́pò lẹ ìdérí àpótí náà pa, ó sì kìlọ̀ fún Màmá pé ẹni tó bá ṣí i ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ẹyin náà pé, ó gun orí òkè àdúrà lọ, kí Olúwa lè fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ẹ sì mọ òfin orí òkè: ẹnu géètì ni wọ́n ti ń gba fóònù. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. "Baba, ṣílẹ̀kùn fún mi!" Bí òógùn ti ń bò ó, ẹnìkan já wọ àárín ìjọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Akínrọ́pò dà? Àpótí rẹ̀ ń fọ èdè àjèjì nísàlẹ̀, a ò rí ẹni túmọ̀ rẹ̀!"

Ọláòtán ni. Wòlíì tó ń darí àdúrà lajú. "Ṣé ìran lo rí ni, arákùnrin?"

"Ìran kọ́ o, Baba. Ẹyin ni! Ẹyin Màmá ti fẹ́ẹ́ jinná!"

Gbogbo orí òkè bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹnìkan ṣoṣo.

Lórí ọ̀kadà tó gbé wọn sọ̀kalẹ̀, Ọláòtán ṣàlàyé. Fáànù àtijọ́ ló jóná láàárọ̀, òun sì gbé tuntun wá pẹ̀lú àpótí kékeré tirẹ̀. Oòrùn mú, àpótí Akínrọ́pò ń ké, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò yé fáànù tuntun. "Ó kàn jókòó ni, ó ń wò ó. Mo ní kí n ṣí tìrẹ, Màmá ní rárá, pé o ti kìlọ̀. A pè ọ́ títí."

Ojú ti Akínrọ́pò. Ilẹ̀kùn tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tì í.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ ti ṣí gbogbo fèrèsé, wọ́n ń fi àtẹ àti ìborùn fẹ́ ẹyin, wọ́n ń kọrin. Màmá ń pariwo, "Ìyá Débọ̀, ẹ fẹ́ ẹ dáadáa! Abẹ̀bẹ̀ ọba kọ́ lẹ mú dání!"

Akínrọ́pò tú ìdérí àpótí. Ó sọ̀rọ̀ sókè, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Bí ooru bá pọ̀, ohun tó máa ń sọ rèé. Bó bá rọlẹ̀, èyí ni." Bó ti ń sọ ọ́ ni Ọláòtán ń tún tirẹ̀ ṣe. Láìpẹ́, fáànù yí, atẹ́gùn fẹ́, halelúyà sì gba ilé kan.

Akínrọ́pò dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Dìde, ọmọ mi. Àpótí rẹ gbọ́n, ìwọ lo sọ ọ́ di odi. Lọ ra ọ̀dà."

Ẹyin díẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù di òròmọdìyẹ, ariwo wọn kò jẹ́ kí Màmá gbọ́ ìwàásù lórí rédíò. Ẹgbẹ́ kò fi iṣẹ́ náà lé Akínrọ́pò nìkan lọ́wọ́ mọ́. Òun àti Ọláòtán ni wọ́n fún. Ó rò pé ìdajì ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníṣẹ́ iná láti abúlé mìíràn ka ohun tó fi ọ̀dà kọ sára àpótí rẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé ó ń bá tiwọn sọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá rà á, iṣẹ́ sì pọ̀ ju ohun tó gbàdúrà fún lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sí yín lára, kí ẹlòmíràn lè rí i lò ló ṣe fi síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ mọ̀ hàn kedere, kí ẹnìkejì lè bá yín ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun nìkan gbọ́n, ẹ sọ fún un pé ọlọ́gbọ́n kan kò lè ta kókó omi sétí aṣọ.