Títẹ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá ni Mọ́ṣádé dé ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjagun. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ mú ọkọ òun jáde nínú igbó kí òjò ọ̀sán tó dé. Bí òjò bá tún rọ̀ lé èyí tó rọ̀ mọ́jú ọdún, ọ̀nà igbó á dí fún ọjọ́ mélòó kan.

Theophilus, ọkọ rẹ̀, nìkan ló kù ní àgọ́. Àwọn yòókù ti wálé ṣọdún. Onígbàgbọ́ ni, torí náà òun ni wọ́n fi ṣọ́ irinṣẹ́, wọ́n sì fún un ní rédíò alágbèéká, wọkí-tọkí, nítorí ewu. Èkejì wà lórí tábìlì Rachel, ọmọbìnrin tó ń pe àgọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bátìrì ṣòro láti rí lọ́dún 1986 yẹn, ọ̀rọ̀ sísọ sì máa ń tètè jẹ ẹ́. Ọ̀gá Bọ̀wálé wá ṣòfin. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, kó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ní wàhálà nìkan ni kó sọ̀rọ̀.

"Láti àná, mi ò gbóhùn ẹ̀," Mọ́ṣádé wí.

"Àǹtí mi, òfin ló ń tẹ̀ lé," Rachel wí.

"Bàbá George? Tó jẹ́ pé tí kò bá rí èèyàn, ewúrẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀? Ìrọ̀lẹ́ wo ni kì í fi rédíò yìí béèrè ohun tí mo sè?"

Ọ̀gá Bọ̀wálé jáde, fìlà tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀la ni Ojúde Ọba, Lándírófà ọ́fíìsì ni yóò gbé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ò jà kó tó lọ?"

Mọ́ṣádé wolẹ̀. Wọ́n jà. Theophilus kò fẹ́ dá wà lọ́hùn-ún. Mọ́ṣádé ló bi í pé ọkùnrin wo ló ń bẹ̀rù igi.

"Inú ló ń bí i nìyẹn," Ọ̀gá wí. "Rachel, pè é."

Rachel pè é. "Bùrọ̀dá Theo, ọ́fíìsì nìyí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Kẹ́, kẹ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́! Ìbínú yìí mà pọ̀ o. Theo, ó ti wá bẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó rí ojú rere."

"Ta ló mọ̀ bóyá òun kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́?" Mọ́ṣádé gba rédíò. "Bàbá George, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ tẹ iye ọmọ tá a bí."

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Mẹ́rin ni wọ́n bí. Mọ́ṣádé mí kanlẹ̀.

"Òun ni. Ẹ má bínú, Bàbá George. Ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi."

Títẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀, léraléra.

"Ẹ jẹ́ kó bínú tẹ́rùn," Ọ̀gá wí. "Bó bá dé, ẹ se ìkọ́kọrẹ́ fún un."

Ojú ti Mọ́ṣádé, ó padà sílé. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ó tún wá. Rachel pè é. Kẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Kẹ́.

"Ó ti ń rọ̀," Rachel wí. "Àǹtí, ìbínú ti ń tán."

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba ọjà lọ ra ewùrà àti ẹja gbígbẹ.

Nígbà tó dọjọ́ kejì, kò sí títẹ̀ kankan.

"Bátìrì ti kú," ni Rachel wí.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Mùsílíù tó ń wa Lándírófà kó àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan wọ igbó lọ. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn níbi tí ọ̀nà ti rì.

Theophilus wà nínú ilẹ̀ ní Ayépé, ìlú rẹ̀, báyìí: ẹ̀ka igi tí ìjì mọ́jú ọdún já lulẹ̀ ti há a mọ́lẹ̀, ó fọ́ àgbọ̀n àti ọ̀fun rẹ̀ tí ohùn kankan kò fi lè jáde, dókítà sì ní nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò tíì ju ọjọ́ kan lọ tó kú.